Iná Tí Mo Fi Rọ́bà Epo Ṣe

Ní ọdún tí mo kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, mo gba ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìtamága, ní Ìkòròdú, tí ó kéré débi pé bí oníbàárà bá wọlé, èmi ni mo gbọ́dọ̀ dìde kí ó tó rí ibi jókòó. Ṣùgbọ́n pátákó tí mo gbé síwájú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi ju ṣọ́ọ̀bù náà lọ. Mo kọ ọ́ sára rẹ̀ pé mo ń ṣe lógò, káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ìkéde òkú, àti gbogbo iṣẹ́ ọnà ìgbàlódé. Oṣù mẹ́ta péré ni mo fi kọ́ kọ̀ǹpútà. Nínú oṣù mẹ́ta yẹn náà, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni kò sí iná, a sì ń fi àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn jiyàn bọ́ọ̀lù.

Ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Àwa oníkọ̀ǹpútà ń pè é ní glow. Òun ni ìmọ́lẹ̀ tí ó máa ń rú jáde lára lẹ́tà, bí ooru ṣe ń rú lára ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ohun tí mi ò fi í sí. Mo fi sí káàdì ìsọmọlórúkọ. Mo fi sí kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ àwọn bíríkìlà. Mo fi sí ìwé ìkéde òkú ìyá àgbà kan, tí orúkọ ìyá náà fi ń tàn yòò bí orúkọ òtẹ́ẹ̀lì, àwọn ọmọ rẹ̀ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gan-an, èyí tí ó tún bà mí jẹ́ sí i.

Ọ̀gá mi tí mo fi sílẹ̀ kò ní kọ̀ǹpútà. Búrọ́ọ̀ṣì ni iṣẹ́ tirẹ̀. Èbúté Ìkòròdú ni ó máa ń wà, tí ó ń kọ orúkọ sára ọkọ̀ ojú omi fún àwọn apẹja àti àwọn tí ń kó yanrìn. Ọdún mẹ́rin ni mo fi fọ búrọ́ọ̀ṣì fún un. Ọjọ́ tí mo ṣe fíríìdọ́mù, mo dọ̀bálẹ̀ fún un níwájú gbogbo ènìyàn, mo ní mi ò ní gbàgbé oore rẹ̀ láéláé. Kò pé oṣù mẹ́fà tí mo fi ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé ayé búrọ́ọ̀ṣì ti kọjá, pé ẹni tí kò bá mọ kọ̀ǹpútà, kí ó lọ máa kun ògiri. Ìtamága kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Èbúté. Ó dá mi lójú pé ọ̀rọ̀ náà dé etí rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni kásẹ́ẹ̀tì ń kógbá sílé, tí síídì ń gba ipò rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, obìnrin kan wọlé tọ̀ mí wá láti Ẹ̀pẹ́. Ó ti rí ìwé ara síídì kan tí mo ṣe fún olórin kan, ó sì béèrè títí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi. Mo dìde fún un, ó jókòó, ó sì sọ ohun tí ó bá wá.

Bàbá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ta àwo orin ní àdúgbò wọn ní Ẹ̀pẹ́, nígbà tí bàbá náà ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ohùn ni orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà. Lókè ilẹ̀kùn rẹ̀, iná níọ́ọ̀nì kan wà, irú iná inú gíláàsì tí wọ́n máa ń tẹ̀ bí ẹni kọ̀wé, pupa rẹ́súrẹ́sú, tí àwọn tó ń bọ̀ lórí ọ̀sà máa ń rí láti ọ̀nà jíjìn. Iná náà ti bàjẹ́ tipẹ́, ṣọ́ọ̀bù náà sì ti wà ní títì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Obìnrin yìí fẹ́ ṣí i padà. Ó fẹ́ máa ta síídì níwájú, kí ó máa gba ohùn àwọn olórin sílẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní tiwọn fẹ́ kí wọ́n fi í fún oníṣìmẹ́ńtì, oníṣìmẹ́ńtì sì ti wá wọn ilẹ̀. Ọwọ́ bàbá wọn ni kọ́kọ́rọ́ wà, abẹ́ awọ àgùntàn tí ó fi ń kírun ni ó ń fi í sí.

“Bàbá ní ẹni tó bá lè mú iná òun padà wá lòun máa fún ní kọ́kọ́rọ́,” ni ó wí. “Kì í ṣe pé kó tàn o. Wọ́n ní kó ṣáà jẹ́ òun gan-an. Kí lógò wa jẹ́ iná yẹn gan-an, lára báàgì, lára síídì, lára pátákó. Tí kò bá jẹ́ òun, wọ́n ní kí oníṣìmẹ́ńtì máa bọ̀. Ṣé ẹ ti rí irú iná bẹ́ẹ̀ rí?”

“Àìmọye ìgbà, Àǹtí,” ni mo dáhùn.

Mi ò rí i rí. Inú fíìmù ni mo ti ń rí i, nínú fíìmù náà pàápàá, ẹni tí ó ń sá fún ọlọ́pàá nísàlẹ̀ rẹ̀ ni mo máa ń wò.

“Ẹ má gbàgbé pé ojú Bàbá ò ríran dáadáa mọ́ o,” ni ó fi kún un.

“Ìdí nìyẹn tá a fi máa jẹ́ kó tàn gan-an.”

Mo rántí pé ó wò mí díẹ̀. Ó fẹ́ tún sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ti yíjú sí kọ̀ǹpútà, mo ti ń fi oríṣiríṣi àwọ̀ hàn án.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Mo wá lẹ́tà kan tí ó rí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo tẹ Ohùn, mo fi dúdú sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo fún un ní glow pupa. Mo tún fi àwọ̀ búlúù yí pupa náà ká. Nígbà tí ó ṣẹ́kù díẹ̀ kí ó tẹ́ mi lọ́rùn, mo fún glow náà ní glow tirẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fa kọ́tìnì bo fèrèsé kí n lè wò ó dáadáa, mo sì jókòó tì í bí ìyàwó tuntun. Ká ní àyè wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni, mi ì bá dọ̀bálẹ̀ fún ara mi.

Lẹ́yìn náà ni mo tẹ̀ ẹ́ sí bébà. Dúdú ẹ̀yìn rẹ̀ mu gbogbo íńkì tán, bébà náà rin gbingbin, ó sì ká kò. Pupa tí ó ń tàn lójú kọ̀ǹpútà di àwọ̀ ẹ̀dọ̀ màlúù. Glow mi di ẹrẹ̀. Ẹni tí ó bá ní làákàyè yóò ti mọ̀ níbẹ̀ pé iṣẹ́ náà ní àbùkù, nítorí ara báàgì àti ara síídì ni lógò máa lọ, kò sì sí báàgì tí iná wà nínú rẹ̀. Èmi ní bébà ló jẹ̀bi. Mo ní bí bébà kò bá lè tàn, màá gbé kọ̀ǹpútà lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Mo sì gbé e lọ lóòótọ́. Kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi sábẹ́ apá. Ojú rẹ̀ nìkan wúwo tó ewúrẹ́ olóyún. Mo fi ìró ìyá mi wé e, mo gbé e lé itan nínú bọ́ọ̀sì, mo ki àpótí rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀. Títí a fi kọjá Ìtòíkín, mi ò mọ ibi tí ẹsẹ̀ mi wà mọ́. Ìyá kan tí ó jókòó tì mí béèrè bóyá tẹlifíṣọ̀n ni mò ń gbé lọ fún àna mi. Mo ní rárá, iná níọ́ọ̀nì ni. Ó ní kí Ọlọ́run bá mi dáàbò bò ó.

A dé Ẹ̀pẹ́, kò sí iná. Obìnrin náà lọ bẹ aládùúgbò kan tí ó ń lọ ata, ẹni yẹn gbà kí á fa wáyà láti ara jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá dé láti ibi ìrun Ásárì, ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó sì ki ọ̀pá rẹ̀ sáàárín orúnkún. Arúgbó tí ó mọ́ tónítóní ni, fìlà funfun, agbádá funfun. Ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì náà ti funfun. Mo rí i, mo sì tún ń wá ibi tí màá ki wáyà bọ̀.

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tààrà, kò sì jẹ́ kí ojú kọ̀ǹpútà hàn. Mo bá ní kí wọ́n fún mi ní kúbùsù. Mo fi kúbùsù náà bo kọ̀ǹpútà, mo sì bo èmi àti Bàbá pẹ̀lú rẹ̀, àwa méjèèjì tẹ orí síwájú lábẹ́ kúbùsù bí aláìsàn ibà tó ń fa ooru àgbo. Òógùn bò mí. Mo gbọ́ tí àwọn ará ilé ń rẹ́rìn-ín lóde.

“Bàbá, ṣé ẹ ń rí i, sà?”

Ó sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Ó pẹ́ níbẹ̀.

“Mò ń rí i,” ni ó wí. “Bí mo ṣe ń rí ìwọ náà nìyí. Bí mo ṣe ń rí ọmọ mi náà nìyí. Ó tó ọdún mẹ́ta tí gbogbo nǹkan tí mò ń rí ti ní irú èéfín yìí lára. O wá gbowó lọ́wọ́ ọmọ mi kí o lè ya àìsàn ojú mi fún mi.”

Kò bínú rárá, ìyẹn ló tún wá burú. Ká ní ó bínú ni, mi ì bá rí ohun tí màá jiyàn sí.

Ó ní, “Iná tèmi ò ní èéfín. Gíláàsì ni, kò nípọn ju ìka lọ. Ọkùnrin tó ṣe é ní Èkó, iná ló fi ń yọ́ ọ, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹyọ gíláàsì kan ṣoṣo ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó bá wò ó á rò pé lẹ́tà mẹ́rin ni. Ọ̀kan ni. Níbi tó bá ti ń rìn láti ara lẹ́tà kan lọ sára èkejì, wọ́n á fi ọ̀dà dúdú kùn ún kí ó má baà hàn. Gbogbo Jímọ̀ kí n tó lọ kírun ni mo máa ń gun àkàbà, tí mo máa fi aṣọ tútù nù ún. Gba ọwọ́ rẹ wá.”

Mo na ọwọ́ sí i nínú òkùnkùn kúbùsù. Ó fi ìka kan kọ iná náà sí àtẹ́lẹwọ́ mi, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìka rẹ̀ kò kúrò ní àtẹ́lẹwọ́ mi lẹ́ẹ̀kan. Níbi tí ọ̀dà dúdú wà, ó ń tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ni ó ṣí kúbùsù kúrò lórí ara rẹ̀, ó sì wọlé lọ.

Obìnrin náà kò bú mi. Ó bá mi di kọ̀ǹpútà, ó bá mi gbé àpótí rẹ̀ dé gáréèjì.

“Mo sọ fún yín pé ojú Bàbá ò ríran,” ni ó wí.

“Ẹ sọ ọ́, Àǹtí.”

“Ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni oníṣìmẹ́ńtì máa san owó.”

Ojú tì mí. Kì í ṣe ìtìjú tí èèyàn fi ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọ̀la. Obìnrin yìí gbé ohun kan ṣoṣo tí ó fẹ́ láyé lé mi lọ́wọ́, èmi sì ń fi àwọ̀ búlúù yí i ká.

Ní Ìkòròdú, mo gbìyànjú láti ya ìlà náà lórí kọ̀ǹpútà. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé láti ìgbà tí mo ti dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, mi ò tíì ya ìlà kan rí. Títẹ̀ ni mò ń tẹ lẹ́tà, wíwá ni mò ń wá a, ẹlòmíràn tí mi ò mọ̀ ti yà á sílẹ̀ fún mi. Ìlà tí mo wá fi ọwọ́ ara mi fà ń gbọ̀n bí ẹsẹ̀ ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Ní ọjọ́ kejì, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ sí Èbúté.

Ọ̀gá mi dojú kọ ara ọkọ̀ akóyanrìn kan, ó ń kọ lẹ́tà tí ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́fà. Kò wẹ̀yìn.

“Kọ̀ǹpútà kú ni?” ni ó béèrè.

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú yanrìn tútù. Ó kọ lẹ́tà náà tán, ó tún kọ òmíràn, kí ó tó ní kí n dìde. Yanrìn ti bo gbogbo iwájú ṣẹ́ẹ̀tì mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ti kúbùsù. Ibi kúbùsù ni ó ti rẹ́rìn-ín, tí ó ní láti gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

Ó fún mi ní pákó kan tí ó já lára ọkọ̀ àtijọ́ àti ṣọ́ọ̀kì kan. “Kọ ọ́. Má gbé ọwọ́.”

Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ, títí ọ̀sán fi pọ́n. Ọdún mẹ́rin tí mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú ọrùn ọwọ́ mi, ó kàn ti sùn ni. Nígbà tí ó yá, ó jọ ohun tí Bàbá kọ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Inú mi dùn, mo ní kí ọ̀gá mi fún mi ní ọ̀dà pupa.

“Ẹni tí kò ríran,” ni ọ̀gá mi wí, “kí lo fẹ́ fi ọ̀dà ṣe fún un?”

Ó fi ẹnu júwe rọ́bà tí àwọn ọlọ́kọ̀ fi ń fa bẹntiróòlù, èyí tí gbogbo ènìyàn fi ń fa epo nígbà tí epo bá wọ́n. Rọ́bà tí ojú ń rí inú rẹ̀ ni, kò nípọn ju ìka lọ. Mo wò ó, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ni. Ó bá mi tọrọ ọ̀kan tí ó gùn lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ kan. Mo ki wáyà sí inú rẹ̀ kí ó lè dúró bí mo bá ṣe tẹ̀ ẹ́.

“Kọ́kọ́ fi okùn wọn ìlà yẹn kí o tó kan ìṣó,” ni ó wí kí ó tó lọ kírun.

Mi ò wọ̀n ọ́n. Mo ti mọ̀ ọ́n tán nígbà yẹn. Mo ya lẹ́tà àkọ́kọ́, mo jẹ́ kí ó tóbi, kí ó yí po dáadáa, kí ó lẹ́wà, mo ń kan ìṣó kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo dé ìdí lẹ́tà kejì, rọ́bà tán. Mo wá èkejì tí ó kúrú nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn, mo tọrọ rẹ̀, mo sì so méjèèjì pọ̀ ní ibi tí lẹ́tà kejì ti ń rìn lọ sára ẹ̀kẹta. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀dà dúdú máa ń wà tẹ́lẹ̀. Mo fi dúdú kùn ún nípọnnípọn. Kò hàn rárá. Ọ̀gá mi dé, ó wo pákó náà fún ìgbà pípẹ́, ó sì padà sídìí búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó yẹ kí n ti bẹ̀rù nígbà yẹn.

Àárọ̀ Jímọ̀ ni mo dé Ẹ̀pẹ́, pákó nìkan ló wà lábẹ́ apá mi. Bàbá ti wẹ̀, ó ti múra mọ́ṣáláṣí. Mo kúnlẹ̀, mo gbé pákó náà lé e lórí itan. Ọmọ rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò wọlé, kò jáde.

“Iná wo ló ń rùn bí ọkọ̀ yìí?” ni Bàbá béèrè.

Mo ní bẹntiróòlù ni, sà.

Ó wá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kàn, ó sì fi ìka méjì lé e. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ó yí lẹ́tà àkọ́kọ́ po, ó kọjá ibi dúdú rẹ̀, ó gun lẹ́tà kejì lọ sókè, ó sọ̀ kalẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀. Ó dé ibi tí mo ti so ó pọ̀, ó dúró. Ó padà sẹ́yìn, ó tún wá, ó tún dúró.

“Kí ló dé níbí?”

Irọ́ ti wà létè mi. Mo fẹ́ sọ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé òde òní nìyẹn. Mo wòkè, mo rí ojú ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, irọ́ náà kò jáde mọ́.

“Rọ́bà ló tán, sà. Mi ò wọ̀n ọ́n, mo fi ṣòfò lórí lẹ́tà àkọ́kọ́. Mo so méjì pọ̀, mo wá fi ọ̀dà dúdú kùn ún kí ẹ má baà rí i.”

Mo gbọ́ ohun tí mo sọ, ó ti pẹ́ jù.

“Kí n má baà rí i,” ni Bàbá wí.

Mo kọ́kọ́ rò pé ikọ́ ni, àṣé ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi ṣí, ó fi etí agbádá nu ojú, ó tún sọ ọ́, “Kí n má baà rí i,” ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ náà bú sẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún pọ̀ mọ́ ọn. Èmi nìkan ni mi ò mọ èyí tí ó yẹ kí n ṣe. Nígbà tí ó rọlẹ̀, Bàbá dá ìka rẹ̀ padà sí ibi ìsopọ̀ náà, ó gbà á kọjá, ó tọ ìyókù lọ dé òpin. Ó fi ọwọ́ lé òpin náà díẹ̀.

“Òun ni,” ni ó wí.

Ó ní kí ọmọ rẹ̀ lọ gbé awọ àgùntàn òun sókè. Àgádágodo ṣọ́ọ̀bù náà ti dípẹtà débi pé òòlù ni a fi já a níkẹyìn. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ obìnrin náà nígbà tí a ń já a, òun ni ó sì dì í mú títí a fi wọlé.

Láti ara pákó yẹn ni mo ti da lógò náà kọ, ìlà pupa kan ṣoṣo, kò sí glow. Mo fẹ́ tún ibi ìsopọ̀ náà ṣe, obìnrin náà kọ̀. Ó wà níbẹ̀ títí dòní, kókó kékeré kan lára gbogbo báàgì wọn. Àwọn oníṣẹ́ ẹgbẹ́ mi máa ń sọ fún mi pé ọwọ́ mi ṣe àṣìṣe níbẹ̀. Mo máa ń ní mo mọ̀.

Bàbá kò jẹ́ kí wọ́n gbé pákó náà sókè. Ó ní kí wọ́n kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí ọwọ́ òun máa tó. Gbogbo Jímọ̀ ni ó ń fi aṣọ tútù nù ún, ọmọ rẹ̀ sì sọ fún mi pé bí ìka rẹ̀ bá ti dé ibi ìsopọ̀ náà, ó máa ń dúró, á rẹ́rìn-ín, kí ó tó máa lọ.

Jímọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, obìnrin náà pè mí lórí fóònù. Ó ní òun ti mú aṣọ tútù, òun ń nu iná Bàbá, òun sì ti dé ibẹ̀. Mo mọ ibi tí ó ń sọ.

“Rọ́bà ló tán,” ni ó wí, mo sì gbọ́ tí ó ń nu ìyókù lọ.